Àwòrán Méjìlá Lára Ògiri Kan

Ìyàwó mi kì í sábà ya ojú èèyàn. Fọ́tò pásípọ́ọ̀tù ló fi ń jẹun, ìyẹn ò ṣe é yẹ̀ sílẹ̀: kí oníbàárà jókòó sórí àpótí, kó gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀, kó má rẹ́rìn-ín, ó parí. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá rí i tó kúnlẹ̀, tó gbé kámẹ́rà sójú, tí kò mí, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe èèyàn ló wà níwájú rẹ̀. Ó lè jẹ́ ìpẹtà tó ń jẹ ìdè ilẹ̀kùn. Ó lè jẹ́ ọṣẹ tí a ti lò tó ku pẹ́lẹ́bẹ́, tàbí ìyẹ́ eṣinṣin, tàbí ibi tí òwú bọ́tìnnì ti ń já díẹ̀díẹ̀. Ìyá Fínnífínní ni gbogbo ará ilé wa ń pè é.

Lọ́dún tí a fẹ́ra wa, ó ya fọ́tò mi kan, ó fi ránṣẹ́ sí ìyá mi. Ihò bọ́tìnnì kan ni, ní àyà ẹ̀wù tí mo fi ọwọ́ ara mi rán. Ìyá mi yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn, wọ́n ní, "Ta nìyí?" Mo ní èmi ni. Wọ́n ní, "Orí rẹ dà?" Mo ní orí wà lókè, àyè ni kò gbà á. Wọ́n wá ní kí n rọra máa ṣe o, pé ìyàwó tó bá fo orí ọkọ rẹ̀ kọjá tó ń wo bọ́tìnnì, ó ní ohun tó ń wá.

Ohun tó ń wá yé mi, nítorí télọ̀ ni mí. Aṣọ tó dára lókèèrè kò tíì dára. Ẹ yí inú rẹ̀ síta ná kí ẹ tó yin ẹni tó rán an. Ọ̀nà tirẹ̀ tó ń gbà sọ ọ́ ni pé, "Ohun tó tóbi ti kọ́ irọ́ pípa. Èèyàn á rẹ́rìn-ín fún kámẹ́rà, ilé á kun ọ̀dà. Ohun kékeré ò mọ̀ pé wọ́n ń wo òun."

Kì í lo iná. Ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ ló máa ń dúró dè, nígbà tí oòrùn ṣì ń wọlé láti ẹ̀gbẹ́. Ó ní ìmọ́lẹ̀ tó bá ti òkè wá máa ń tẹ́ gbogbo nǹkan pẹrẹsẹ, ṣùgbọ́n tó bá ti ẹ̀gbẹ́ wá, ohun tí kò ju hóró iyọ̀ lọ pàápàá á ní òjìji tirẹ̀. Á súnmọ́ nǹkan náà títí imú rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, á mí síta, á sì tẹ kámẹ́rà kó tó mí sínú. Á fi ẹyọ igi ìṣáná kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹni tó bá wo àwòrán lè mọ bó ṣe kéré tó. Á kọ ọjọ́ sẹ́yìn. Tó bá di oṣù tó ń bọ̀, á padà síbi kan náà. Ó ní ẹni tó wo nǹkan lẹ́ẹ̀kan kò tíì wò ó, ó kàn kí i ni.

Ilé alájà mẹ́rin là ń gbé, ìdílé mẹ́jọ. Àwa wà nísàlẹ̀, yàrá méjì àti ṣọ́ọ̀bù kan tí a fi aṣọ pín sí méjì: ẹ̀rọ ìránṣọ mi lápá kan, àpótí pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ lápá kejì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bùrọ̀dá Bíríkìlà, ló kọ́ ilé náà ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Àwọn náà ló bá wa bá onílé sọ̀rọ̀ kó tó fún wa ní yàrá.

Ó yẹ kí ẹ mọ ohun tí Bùrọ̀dá jẹ́ sí i. Nígbà tí bàbá àti ìyá wọn kú láàárín ọdún kan náà, ìyàwó mi ò ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ, Bùrọ̀dá jẹ́ mọ́kàndínlógún. Wọ́n fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, wọ́n ń ru búlọ́ọ̀kù kí àbúrò wọn má bàa fi tirẹ̀ sílẹ̀. Kámẹ́rà tó kọ́kọ́ lò láyé rẹ̀, èjìká Bùrọ̀dá ló rà á.

Lára ògiri àtẹ̀gùn, láàárín àjà kejì sí ìkẹta, ìlà kan wà tó là. Ó bẹ̀rẹ̀ láti igun fèrèsé, ó yà sápá òsì, ó tún yà sápá ọ̀tún, ó wá sọ̀kalẹ̀ bí odò tí èèyàn ń wò láti orí òkè gíga. Ìyàwó mi fẹ́ràn ìlà yẹn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kìíní oṣù kọ̀ọ̀kan, á gòkè lọ, á fi gọ́ọ̀mù lẹ ìṣáná mọ́ ògiri, á kúnlẹ̀ sórí àtẹ̀gùn.

Níbẹ̀ lòun àti Bàbá Lẹ́tà ti di ọ̀rẹ́. Àjà òkè pátápátá ni Bàbá Lẹ́tà ń dá gbé. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi kó lẹ́tà kiri kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ìyàwó wọn ti ṣaláìsí. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí wà ní ìlú tó jìnnà réré, ó sì máa ń kọ̀wé sí wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Tí wọ́n bá ń sọ̀kalẹ̀ tí wọ́n bá ìyàwó mi lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n á dúró lókè títí yóò fi ṣe tán, kí òjìji wọn má bàa bò ó.

"Kí ni ògiri wí lónìí?" wọ́n á ní.

"Ó ní kí ẹ rọra máa gbẹ́sẹ̀ o, Bàbá."

"Ya èmi náà kí n rí nǹkan fi ránṣẹ́ sọ́mọ mi. Ojú tèmi ò tíì là tó ti ògiri, ṣùgbọ́n ó ń gbìyànjú."

Á rẹ́rìn-ín, á ní ó dìgbà tí ìmọ́lẹ̀ bá dára. Lọ́jọ́ kan tí ìmọ́lẹ̀ dára lóòótọ́, àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún wọn ló yà, èyí tí lẹ́tà ti dán títí kò fi sí ìlà kankan lórí rẹ̀ mọ́. Bàbá gbé ọwọ́ dúró fún un fún odidi ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán kọ̀wé pé kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mú àwòrán méjìlá wá lórí nǹkan kan ṣoṣo, pé àwọn máa gbé e kọ́ sí gbọ̀ngàn kan. Inú ìyàwó mi dùn, nítorí ìlà ara ògiri rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù méjìlá gééré ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ti ṣòkòtò oníbàárà mi sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó to àwòrán náà sórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ. 

"Télọ̀ mi, ẹ wá wò ó," ó ní. "Ṣé ohun tí mò ń rí lẹ̀yin náà ń rí?"

Mo fi téèpù sílẹ̀, mo wò ó. Nínú ti àkọ́kọ́, ìlà náà tín-ín-rín bí irun orí, ó gba abẹ́ ìṣáná kọjá. Nínú èyí tó ṣìkẹfà, ó ti fẹ̀ bí ojú ìlà bírò. Nínú èyí tó kẹ́yìn, tí ìṣáná náà bá já, inú ìlà ni ì bá bọ́ sí. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló bà mí lẹ́rù. Nínú àwọn ti ìṣáájú, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì dọ́gba. Nínú mẹ́ta tó kẹ́yìn, òjìji tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lábẹ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, bí òjìji etí aṣọ tí a ṣẹ́. Mo mọ ohun tó máa ń ṣe aṣọ bẹ́ẹ̀. Nǹkan tó wúwo ló ń fà á nísàlẹ̀.

"Apá kan ti sọ̀kalẹ̀," mo ní.

"Ọdún kan ni mo fi ń yà á," ó ní. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Bó ṣe rẹwà ni mò ń wò. Mi ò bi í léèrè ohun tó ń ṣe é."

Ọjọ́ kejì la lọ bá onílé. Ọkùnrin náà wo àwòrán mẹ́ta, ó dá ìyókù padà. Ó ní sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi rẹ́ ojú ògiri ló là, ara ilé ò là. Ó ní, "Aláǹgbá ni mo mọ̀ tó máa ń wá ibi tí ògiri gbé lanu. Ìgbà wo nìwọ di aláǹgbá, ìyàwó télọ̀?" Ó ní tó bá dá wa lójú pé ilé ò dára, ẹni tó kọ́ ọ kò ṣe àjèjì sí wa, ká lọ bi í.

Lọ́jọ́ Sunday, Bùrọ̀dá wá. Lẹ́yìn oúnjẹ, ìyàwó mi to àwòrán náà síwájú wọn. Bùrọ̀dá káwọ́ sẹ́yìn, wọ́n ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ta ló ní kí o máa ya iṣẹ́ mi?"

"Mi ò ya iṣẹ́ yín, Bùrọ̀dá. Ìlà ni mo yà."

"Kò sí ilé tí kì í jókòó. Ilé tuntun dà bí ọmọ tuntun, dandan ni kó na ẹsẹ̀."

"Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án, Bùrọ̀dá. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ti ń sáré."

Bùrọ̀dá dìde. Wọn ò pariwo. Ì bá sàn kí wọ́n pariwo. Wọ́n fọwọ́ kan èjìká wọn, wọ́n ní, "Èyí ni mo fi ra kámẹ́rà tí o fi ń ka ẹ̀sùn sí mi lẹ́sẹ̀." Wọ́n sì jáde. Ìyàwó mi kó àwo lọ sí ìdáná. Omi ń dà nínú páìpù, àwo kan náà ló ń fọ̀ títí mo fi lọ pa omi náà.

Ọjọ́ mẹ́jọ kọjá, a ò gbúròó wọn. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, tó bọ́ sí Monday, mo gbé ojú sókè lórí ẹ̀rọ, mo rí Bùrọ̀dá lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Wọ́n mú okùn kan lọ́wọ́, èyí tí wọ́n so irin mọ́ nídìí, tí bíríkìlà fi ń mọ̀ bóyá ògiri dúró ṣánṣán. Wọn ò kí mi. Wọ́n gun àtẹ̀gùn lọ, àwa méjèèjì tẹ̀ lé wọn.

Wọ́n na okùn náà sílẹ̀ láti àjà kẹta. Lókè, okùn fara kan ògiri. Bó ti ń lọ sísàlẹ̀ ló ń jìnnà sí i, nígbà tí irin náà sì dúró jẹ́ẹ́, ìka ọwọ́ mẹ́rin lè gba àárín rẹ̀ kọjá. Bùrọ̀dá wò ó. Wọ́n fi ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin síbẹ̀ lóòótọ́, bí ẹni tí kò gba ojú ara rẹ̀ gbọ́. Wọ́n wá jókòó sórí àtẹ̀gùn.

"Ìpìlẹ̀ alájà méjì ni mo gbẹ́," wọ́n ní. "Nígbà tí a dé àjà kejì, onílé ní òun fẹ́ méjì sí i. Mo ní ìpìlẹ̀ ò lè gbé e. Ó ní bí mi ò bá lè kọ́ ọ, àwọn tó lè kọ́ ọ ń tò síta. Mo kọ́ ọ."

 Lókè, a ń gbọ́ rédíò Bàbá Lẹ́tà.

"Bùrọ̀dá," ìyàwó mi ní, "kí ló dé tí ẹ fi mú wa wá síbí?"

Bùrọ̀dá wo irin ìdí okùn náà. "Mo rò ó pé ilé tó bá máa wó, mi ò lè fi àbúrò mi sínú rẹ̀. Nígbà tí mo ti fi ọ́ síbẹ̀, mo lè máa sùn. Mo ń wí fún ara mi pé kò lè wó."

Mo rò pé ìyàwó mi máa bínú. Ó jókòó tì wọ́n, ó gba okùn náà lọ́wọ́ wọn, ó rọra ká a. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ̀yin lẹ máa bá wa sọ fún wọn. Bí mo bá mú fọ́tò lọ, wọ́n á ní Ìyá Fínnífínní tún ti dé. Ẹnu yín nìkan ni wọ́n máa gbà gbọ́."

Bí Bùrọ̀dá ṣe ń kan ilẹ̀kùn káàkiri nìyẹn, ìyàwó mi lẹ́yìn wọn pẹ̀lú àwòrán. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ nílé kọ̀ọ̀kan: "Èmi ni mo kọ́ ilé yìí. Mi ò kọ́ ọ dáadáa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kó jáde." Nọ́ọ̀sì tó wà lójúkojú wa ò béèrè ìbéèrè kejì, ọjọ́ yẹn ló kó lọ. Ọkùnrin kan lájà kejì tutọ́ sílẹ̀ níwájú Bùrọ̀dá. Òmíràn ní kí wọ́n dá owó ilé òun padà fún òun. Bùrọ̀dá gba gbogbo rẹ̀, wọ́n kọjá sí ilẹ̀kùn tó kàn. Onílé wá, ó ní òun máa fa Bùrọ̀dá lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Bùrọ̀dá ní kó jẹ́ káwọn jọ lọ, ó sì padà sínú ọkọ̀ rẹ̀. A kọ̀wé sí ọ́fíìsì tó ń mójú tó ilé kíkọ́. Wọ́n gbà á, wọ́n ní ká padà wá lọ́jọ́ Friday. Òjò bẹ̀rẹ̀ ní Tuesday. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́ Wednesday, ìdílé méje ti jáde, àwa náà wà lára wọn. Káfíńtà tó wà ní òdìkejì títì fún wa láyè nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Ó wá ku Bàbá Lẹ́tà.

Kì í ṣe pé wọn ò gbà wá gbọ́. Wọ́n wo àwòrán méjìlá náà ju gbogbo ará ilé lọ, wọ́n sì yin ìyàwó mi. "Mo gbọ́," wọ́n ní. "Saturday ni màá kó. Lẹ́tà ọmọ mi ń bọ̀ lọ́la tàbí ọ̀túnla."

"Bàbá, a máa kọ àdírẹ́ẹ̀sì tuntun sẹ́nu géètì," ìyàwó mi ní. "Màá dúró de akólẹ́tà fúnra mi."

"Ọmọ mi, èmi ni mo kó lẹ́tà fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Mo mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí lẹ́tà ẹni tó ti kó lọ."

Bùrọ̀dá dọ̀bálẹ̀ nílẹ̀ fún wọn. Bàbá gbá wọn léjìká, wọ́n ní kí wọ́n dìde, pé ilé tó dúró fún ọdún mẹ́sàn-án á dúró fún ọjọ́ mẹ́ta. Bùrọ̀dá ní bó bá di àárọ̀ ọjọ́ kejì, tí wọn ò bá tíì jáde, àwọn máa pọ̀n wọ́n sọ̀kalẹ̀ bí ọmọdé.

Ní Thursday, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá òwúrọ̀, Bùrọ̀dá ń sọdá títì lọ láti ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ń wò wọ́n láti ẹnu ọ̀nà káfíńtà. Òjò ti dá. Ohun tí mo gbọ́ ò dà bí àrá. Bí ẹni ń tú àpò ìyanrìn púpọ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni. Àjà òkè kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ tààrà, ó dúró bí ẹni ń ronú, lẹ́yìn náà mi ò rí nǹkan kan mọ́ àfi eruku. Nígbà tí eruku fi máa rọlẹ̀, Bùrọ̀dá ti wà lórí àwókù náà, wọ́n ń fọwọ́ lásán hú búlọ́ọ̀kù. Àwọn panápaná dé, wọ́n ní kí wọ́n sọ̀kalẹ̀, wọn ò sọ̀kalẹ̀. Ṣáájú kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n rí Bàbá Lẹ́tà. Wọ́n ti kú. Orí àga ni wọ́n wà, wọ́n ti wọ bàtà.

Lẹ́tà náà dé ní Friday. Akólẹ́tà dúró níwájú àwókù, ó ń wo àpòòwé, ó ń wo àwókù. Ìyàwó mi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. A ò ṣí i.

Ọmọbìnrin Bàbá dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, ó tó ẹni àádọ́ta ọdún. Ìyàwó mi fi lẹ́tà náà lé e lọ́wọ́, ó rí ìkọ̀wé ara rẹ̀, ó fi sínú báàgì. Ó ní gbogbo nǹkan bàbá òun ti bàjẹ́ sínú omi àti eruku, pé òun gbọ́ pé ayàwòrán ni ìyàwó mi, ṣé ó ní fọ́tò wọn?

Ìyàwó mi mú àwòrán àtàǹpàkò náà jáde.

Obìnrin náà wò ó títí. "Kò sí èyí tó ní ojú?"

"Kò sí, mà," ìyàwó mi ní. "Wọ́n bẹ̀ mí, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ojoojúmọ́ ni mo fi ń sún un síwájú. Ògiri ni mò ń wò."

  Obìnrin náà fi àwòrán náà sínú báàgì pẹ̀lú lẹ́tà, ó dìde, ó lọ. Mi ò dá a lẹ́bi.

Nígbà tí ìjọba gbé ìgbìmọ̀ tó máa wádìí ọ̀rọ̀ náà dìde, Bùrọ̀dá ò dúró dìgbà tí wọ́n bá ránṣẹ́ pè wọ́n, fúnra wọn ni wọ́n lọ. Wọ́n to àwòrán méjìlá sórí tábìlì, Bùrọ̀dá sì ń ṣàlàyé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ka ìwé ẹ̀sùn ara rẹ̀. Ẹjọ́ onílé ṣì wà ní kóòtù. Wọ́n ní Bùrọ̀dá ò gbọdọ̀ kọ́lé fún ọdún márùn-ún. Wọ́n ta irinṣẹ́ wọn, àfi okùn tó nírin nídìí yẹn, wọ́n ń bá káfíńtà fá pákó. Ẹlòmíràn á rí wọn lójú títì, á yà bàrá. Wọ́n á kí i láti ẹ̀yìn.

Ìyàwó mi kọ̀wé sí ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán pé òun ò ní mú nǹkan kan wá. Fún oṣù méje, yàtọ̀ sí pásípọ́ọ̀tù, kò gbé kámẹ́rà. Mi ò bá a sọ ọ́. Egbò tó bá ń jinná, kì í ṣe ohun tí à ń tú wò lójoojúmọ́.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan wá bá wa, obìnrin tí ojú rẹ̀ ti rẹ̀. Ó ní ìlà kan yọ lára ògiri kíláàsì kejì, òun ti pe ẹni méjì wá wò ó, wọ́n ní kò sí nǹkan, ṣùgbọ́n òun ò lè sùn. Ìyàwó mi ní òun ò ṣe irú ẹ̀ mọ́. Bùrọ̀dá gbé rándà tí wọ́n fi ń fá pákó sílẹ̀, wọ́n ní, "Àbúrò mi, jẹ́ ká lọ."

Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo bá wọn ru àkàsọ̀. Àwọn ọmọdé ń kàwé nínú kíláàsì kejì, orí wọn yí sí wa bí orí òdòdó. Ìyàwó mi kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ tíṣà ìgbà tó ti rí ìlà náà, ó béèrè orúkọ ọmọ tó jókòó nítòsí rẹ̀, ó ní kó ṣípò. Lẹ́yìn náà ló tó kúnlẹ̀. Bùrọ̀dá fi ẹ̀yìn ìka kan ògiri láti òkè délẹ̀, wọ́n fetí lé e, wọ́n na okùn. Okùn fara kan ògiri lókè, ó fara kàn án nísàlẹ̀. Wọ́n họ díẹ̀ lára ibi tó là, wọ́n fi ìka rún un wò.

"Ibi tí wọ́n rẹ́ ni," wọ́n ní. "Sìmẹ́ǹtì rẹ̀ ló kéré. Ara ilé dúró."

Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ jókòó sórí àga ọmọdé kan, ó fi ọwọ́ bo ojú. Ìyàwó mi kọ ọjọ́ sínú ìwé, ó ní a máa padà wá lóṣù tó ń bọ̀, àti èyí tó tún tẹ̀ lé e.

Aago lù. Àwọn ọmọ dìde, wọ́n ń tú jáde síta. Mo ti gbé àkàsọ̀ dé ẹnu ọ̀nà kí n tó bojú wẹ̀yìn. Bùrọ̀dá ò kúrò lẹ́bàá ògiri náà. Wọ́n tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé e, wọ́n dúró bẹ́ẹ̀ títí ọmọ tó kẹ́yìn fi kọjá.